Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó Nílé Ìwé Onígbàgbọ́: Ìdààmú Ọkàn, Ìgboyà àti Àtìlẹ́yìn Láàrin Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́ Mùsùlùmí Èkó, 1894 sí 1955

Ìfáárà

Ní ọjọ́ kẹrin oṣù Keje ọdún 1894 ni wọ́n ṣí mọ́sáláṣí tí Mohammed Shitta kọ́ sí òpópónà Martins ní Erékùṣù Èkó. Gómìnà Gilbert Carter wà níbẹ̀, Edward Wilmot Blyden náà wà níbẹ̀. Abdullah Quilliam, amòfin ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó gba ẹ̀sìn Ìsìláàmù ní ìlú Liverpool, ni Súltáánì ilẹ̀ Tọ́kì, Abdul Hamid Kejì, rán wá láti ṣojú rẹ̀. Ibẹ̀ ni Shitta ti gba oyè Bey, tí àwọn ènìyàn fi ń pe ìdílé rẹ̀ àti mọ́sáláṣí náà ní Shitta-Bey títí di òní. Òpìtàn tó bá ń sọ ìtàn ọjọ́ yìí a máa dúró pẹ́ lórí ọlá àti ẹwà rẹ̀. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí Súltáánì rán kò mọ sórí oyè nìkan. Ó rọ àwọn Mùsùlùmí Èkó pé kí wọ́n má ṣe fà sẹ́yìn nínú ẹ̀kọ́ ìgbàlódé, kí wọ́n fi àwọn ọmọ wọn sílé ìwé.

Ìmọ̀ràn náà dára, àmọ́ ilé ìwé ta ni wọn yóò fi wọ́n sí? Ìjọ CMS ló dá ilé-ẹ̀kọ́ girama àkọ́kọ́ sílẹ̀ ní Èkó lọ́dún 1859, lábẹ́ Thomas Babington Macaulay, ọkọ ọmọ Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther. Ìjọ Mẹ́tọ́díìsì dá tirẹ̀ sílẹ̀ lọ́dún 1878. Àwọn Ìjọ Onítẹ̀bọmi àti Àgùdà náà ní ilé ìwé tiwọn. Ní gbogbo ìgbà tí Quilliam ń jíṣẹ́ Súltáánì yìí, kò sí ilé-ẹ̀kọ́ girama kan ní Èkó tí kì í ṣe ti ṣọ́ọ̀ṣì. Bàbá tó bá gbọ́ ìmọ̀ràn náà, tó sì gbà á, ọwọ́ àlùfáà Ìgbàgbọ́ ni yóò fa ọmọ rẹ̀ lé.

Lóde òní, àwọn onímọ̀ nípa ìrònú àti ìhùwàsí ẹ̀dá máa ń ṣe ìwádìí lórí ìdààmú ọkàn àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì, wọ́n sì sábà máa ń so nǹkan mẹ́ta pọ̀: wàhálà tó bá akẹ́kọ̀ọ́, ìgbẹ́kẹ̀lé tó ní nínú ara rẹ̀, àti àwọn ènìyàn tó dúró tì í. Ọ̀pọ̀ irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ ló ń fi ìwé ìbéèrè wọn ìgboyà bí ẹni pé inú akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan ló ti ń hù bí irun. Ìtàn àwọn ọmọ Mùsùlùmí Ìsàlẹ̀ Èkó kò bá èrò yẹn mu. Láàrin 1894 sí 1955, àwùjọ kan rí i pé ẹ̀rù ń ba àwọn ọmọ wọn nílé ìwé, wọ́n mọ ohun tó fa ẹ̀rù náà, wọ́n sì fi owó àti ẹgbẹ́ wá ìgboyà fún wọn. Àtìlẹ́yìn yìí ní ìnira tirẹ̀ pẹ̀lú, kò sì yẹ kí á fi ìyẹn pamọ́.

Orúkọ àti ojú títì

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ilé là ń wò kí á tó sọmọ lórúkọ. Níbi orúkọ gan-an ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Ọmọ tó ń jẹ́ Làmídì tàbí Sùbérù nílé lè wọ ilé ìwé míṣọ́n kó sì jáde ní James tàbí Samuel. Kì í ṣe gbogbo ilé ìwé ló ń fi dandan lé e, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe gbogbo olùkọ́. Ṣùgbọ́n bí wọn kò tilẹ̀ fi dandan mú un, ìwé Májẹ̀mú ni wọ́n ń kà láàárọ̀, orin ìjọ ni wọ́n ń kọ, ìbéèrè Kátíkísìmù sì wà lára ohun tí wọ́n fi ń mọ ọmọ tó gbọ́n. Ọmọ tí kò bá ti ilé kọ́ ìwọ̀nyí yóò máa rìn lẹ́yìn àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ nínú ohun tí kò kan ìṣirò tàbí àkàwé. Kò sí ohun tó ń yára ba ìgboyà ọmọ jẹ́ tó kí wọ́n máa rẹ́rìn-ín nígbàkigbà tó bá la ẹnu.

Ní apá kejì, ilé kéú kò dúró de ilé ìwé. Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó a máa gbé wàláà síwájú ààfáà kó tó gbé síléètì síwájú tíṣà, tàbí kó padà síbẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́. Olùkọ́ méjì ló ní, èdè àjèjì méjì ló ń kọ́, Lárúbáwá àti Gẹ̀ẹ́sì, nígbà tí Yorùbá tó gbọ́ yé jẹ́ èdè tí ilé ìwé púpọ̀ kò fẹ́ gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ mọ́ bó bá ti dé kíláàsì òkè. Àwọn àgbà àdúgbò náà a máa wò ó tìfura-tìfura. Fún ọ̀pọ̀ nínú wọn, ilé ìwé ni ọ̀nà tí ọmọ ń gbà kúrò nínú ẹ̀sìn baba rẹ̀, ọ̀pọ̀ àpẹẹrẹ sì wà ní àyíká wọn tó fi hàn pé ìbẹ̀rù náà kì í ṣe ti òpè. Ìdí nìyí tí ọmọ náà fi ń ru ìfura méjì: nílé ìwé, Ìmàle ni, nílé, ẹni tó ń di Onígbàgbọ́ ni.

Ìjọba amúnisìn rí ìṣòro yìí. Lọ́dún 1896, nígbà tí Blyden ń ṣiṣẹ́ fún ìjọba ní Èkó, wọ́n dá ilé ìwé ìjọba fún àwọn ọmọ Mùsùlùmí sílẹ̀, wọ́n sì tún dá irú rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́yìn náà ní Ẹ̀pẹ́ àti Àgbádárìgì. Ohun rere ni. Ṣùgbọ́n ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n, ọmọ tó bá ṣe dáadáa níbẹ̀ ṣì máa padà sí ẹnu ọ̀nà míṣọ́n tó bá fẹ́ tẹ̀síwájú. King's College tí ìjọba ṣí ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1909 kò sí lábẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì kankan, àmọ́ ọmọ mẹ́wàá péré ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Àyè tó wà níbẹ̀ kò tó nǹkan, owó rẹ̀ kò sì jẹ́ ti tálákà.

Àwọn ọ̀dọ́ tó dá ẹgbẹ́ sílẹ̀

Kí Mùsùlùmí Èkó tó lè fọwọ́ sowọ́ pọ̀, ìjà ló kọ́kọ́ wà nílẹ̀. Ọ̀rọ̀ owó omi tí ìjọba fẹ́ máa gbà lọ́wọ́ ará ìlú pín wọn sí méjì. Lẹ́mọ́mù àti àwọn tó tẹ̀lé e wà ní ẹ̀gbẹ́ kan, àwọn tí wọ́n ń pè ní Jámáà, tí wọ́n pọ̀ jù, sì wà ní ẹ̀gbẹ́ kejì. Ìpínyà yìí wọ inú mọ́sáláṣí àgbà, ó wọ inú agbo ilé, ó sì pẹ́ kí ó tó tán. Ìtàn rẹ̀ gùn, a ti sọ ọ́ níbòmíràn, ohun tó kàn wá níhìn-ín ni pé àwọn ọ̀dọ́ tó dàgbà sínú ìjà yìí kò rí àwọn àgbà wọn bí ẹni tó lè yanjú ọ̀rọ̀ ilé ìwé.

Ìjọ Amadíyà ló kọ́kọ́ gbìyànjú. Lẹ́yìn tí Abdur Rahim Nayyar dé sí Èkó lọ́dún 1921, wọ́n ṣí ilé ìwé kan sí Ẹlẹ́gbàta. Ẹ̀wẹ̀, ní ọjọ́ kọkànlélógún oṣù Kejìlá ọdún 1923, àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin Mùsùlùmí kan pé jọ, wọ́n sì dá Ansar-Ud-Deen sílẹ̀. Ó yẹ kí á wo irú ẹni tí àwọn wọ̀nyí jẹ́. Púpọ̀ nínú wọn ti kàwé díẹ̀, wọ́n ń ṣiṣẹ́ akọ̀wé lọ́fíìsì ìjọba tàbí nílé iṣẹ́ àwọn òyìnbó oníṣòwò. Wọ́n mọ ohun tó wà nínú ilé ìwé míṣọ́n nítorí pé àwọn fúnra wọn tàbí àwọn ọ̀rẹ́ wọn ti gba ibẹ̀ kọjá. Kò sí ẹni tó ní láti kọ́ wọn ní ohun tí ìtìjú ń jẹ́.

Bí wọ́n ṣe wá owó kò yàtọ̀ sí bí ọmọ Èkó ṣe ń wá owó fún ohunkóhun: ìdáwó, owó ẹgbẹ́, ìpàdé lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, orúkọ ẹni tó san àti ẹni tí kò san. Ẹni tó ti dá èsúsú rí mọ bí irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ṣe ń dúró. Kí ogun àgbáyé kejì tó bẹ̀rẹ̀, ẹgbẹ́ náà ti ní ilé ìwé ní Alákòró, láàrin Erékùṣù gan-an, níbi tí ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó lè fi ẹsẹ̀ rìn dé. Nínú ilé ìwé yìí, tíṣà náà ń jẹ́ irú orúkọ tí ọmọ ń jẹ́, ó ń kírun ní àkókò tí bàbá ọmọ ń kírun, ó sì ń kọ́ni ní Gẹ̀ẹ́sì àti ìṣirò bíi ti àwọn tó kù. Ìyẹn gan-an ni àtìlẹ́yìn tó jinlẹ̀ jù nínú iṣẹ́ wọn, ju owó lọ. Ọmọ tó bá rí àgbàlagbà kan tó kàwé tí kò sì yí orúkọ padà ti rí ẹ̀rí pé ó ṣeé ṣe.

Àlíù Babatúndé Fáfúnwá

Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1923, oṣù mẹ́ta ṣáájú ìpàdé àwọn ọ̀dọ́ wọ̀nyẹn, ni wọ́n bí Àlíù Babatúndé Fáfúnwá ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Láti 1937 dé 1943, ó wà nílé-ẹ̀kọ́ girama CMS. Ọmọ Mùsùlùmí ni, ilé ìwé ìjọ sì ni. Ó lo ọdún mẹ́fà níbẹ̀, ó sì jáde pẹ̀lú orúkọ Àlíù rẹ̀. Ní ìran méjì ṣáájú tirẹ̀, irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kò wọ́pọ̀ rárá. Kò tọ́ kí á sọ pé ẹgbẹ́ kan ṣoṣo ló ṣe é. Ilé ìwé ìjọ pẹ̀lú ti ń rọ̀, ìlú ti yí padà. Síbẹ̀, nígbà tí Fáfúnwá fi wọlé sí CMS, ọmọ Mùsùlùmí tó ń kàwé kì í ṣe ohun ìyanu mọ́ ní àdúgbò rẹ̀, ìfura àwọn àgbà sì ti dín kù gan-an.

Lọ́dún 1948 ó lọ sí ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Azikiwe ti fi ìrìn àjò tirẹ̀ han àwọn ọ̀dọ́ Nàìjíríà pé ọ̀nà ẹ̀kọ́ gíga kò pin sí Lọ́ńdọ̀nù, ìwé ìròyìn rẹ̀, West African Pilot, tó bẹ̀rẹ̀ ní Èkó lọ́dún 1937, sì mú kí ọ̀rọ̀ náà tàn ká. Bethune-Cookman ní ìlú Daytona Beach, ìpínlẹ̀ Florida, ni Fáfúnwá lọ. Ó yẹ kí á dúró díẹ̀ níbí. Ní Florida ìgbà náà, òfin yà aláwọ̀ dúdú sọ́tọ̀ nínú bọ́ọ̀sì, nílé oúnjẹ, nílé ìwé. Ìtìjú tí ọmọ Ìmàle mọ̀ ní Èkó kéré sí èyí. Ṣùgbọ́n kọ́lẹ́ẹ̀jì tó wọ̀ jẹ́ ti aláwọ̀ dúdú. Mary McLeod Bethune, ọmọ àwọn tó ti ṣẹrú rí, ló dá a sílẹ̀ lọ́dún 1904, bẹ̀rẹ̀ láti ilé ìwé kékeré fún àwọn ọmọbìnrin. Nítorí náà ohun tí Fáfúnwá bá níbẹ̀ kò jìnnà sí ohun tí Ansar-Ud-Deen ń ṣe ní Alákòró: àwọn ènìyàn tí àwùjọ tó lágbára kò kà sí ló fi ọwọ́ ara wọn kọ́ ilé ìwé, kí ọmọ wọn lè kàwé láìtijú. Ó gba oyè àkọ́kọ́ lọ́dún 1950, oyè kejì lọ́dún 1951, àti oyè ọ̀mọ̀wé nínú ìmọ̀ ẹ̀kọ́ ní Yunifásítì New York lọ́dún 1955. Òun ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó gba irú oyè bẹ́ẹ̀ nínú ìmọ̀ ẹ̀kọ́.

Àwọn onímọ̀ èdè Yorùbá mọ Fáfúnwá jù lọ nípa iṣẹ́ ìwádìí Ifẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1970, níbi tí wọ́n ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà, tí Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ iṣẹ́ kan lára àwọn iṣẹ́ tí wọ́n ń kọ́. Àbájáde rẹ̀ fi hàn pé àwọn ọmọ wọ̀nyí kò rẹ̀yìn, kódà nínú Gẹ̀ẹ́sì. A sábà máa ń ka ìwádìí náà sí ọ̀rọ̀ èdè. Ẹni tó bá ti Ìsàlẹ̀ Èkó kà á yóò rí i pé ọ̀rọ̀ ìgboyà ni pẹ̀lú. Ọmọ tó lè dá ìbéèrè lóhùn ní èdè tí ìyá rẹ̀ fi rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún kò ní láti kọ́kọ́ ṣẹ́gun ojú títì kó tó ronú.

Oṣù Kẹrin ọdún 1954

Títí di ìgbà yìí, àwọn àgbà ló ń ti àwọn ọmọ lẹ́yìn. Ní ọjọ́ kejìdínlógún oṣù Kẹrin ọdún 1954, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fúnra wọn dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní Èkó, èyí tí a mọ̀ sí Muslim Students' Society of Nigeria. Láti oríṣiríṣi ilé-ẹ̀kọ́ ni wọ́n ti wá. Ààrẹ àkọ́kọ́ wọn ni Lateef Adégbìtẹ́, ọmọ Abẹ́òkúta tó ń kàwé ní King's College, ẹni ọdún mọ́kànlélógún.

Ìyípadà ńlá ni èyí, ó sì ṣeé ṣe kí ó ju dídá ilé ìwé Alákòró sílẹ̀ lọ. Ilé ìwé Mùsùlùmí dáàbò bo ọmọ nípa yíyọ ọ́ kúrò láàrin àwọn tó lè fi ṣẹ̀sín. Ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ fi í sílẹ̀ síbi tó wà, nílé ìwé ìjọba tàbí ti ìjọ, ṣùgbọ́n ó fún un ní ẹlẹgbẹ́. Ọmọ méjì tàbí mẹ́ta tó jẹ́ Mùsùlùmí nínú kíláàsì kan lè máa fi ara pamọ́ fún ara wọn, kí ẹnikẹ́ni má baà mọ̀ wọ́n. Bí wọ́n bá mọ̀ pé irú wọn wà ní ilé ìwé kejì àti ìkẹta, pé wọn yóò pàdé ní ọjọ́ báyìí, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Àwọn ohun tí wọ́n ń jà fún lè dà bí ohun kékeré létí ẹni tí kò bá irú rẹ̀ pàdé: àyè láti kírun, ọ̀nà láti gbààwẹ̀ Ramadan nígbà tí agogo oúnjẹ ilé ìwé kò mọ ààwẹ̀, Jímọ̀ tó bọ́ sí àkókò iṣẹ́. Nínú irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ni ìdààmú ojoojúmọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé. Ẹgbẹ́ náà kò pẹ́ kó tó dé àwọn yunifásítì.

Àmọ́ ṣá, àtìlẹ́yìn a máa wúwo. Lọ́dún 1960, Raymond Prince, oníṣègùn àrùn ọpọlọ láti Kánádà tó ṣiṣẹ́ ní Nàìjíríà, kọ̀wé lórí àìsàn kan tó rí lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́, èyí tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fúnra wọn ń pè ní brain fag. Orí a máa gbóná wọn tàbí kó máa ta wọ́n, ojú wọn a ṣú bí wọ́n bá ń kàwé, ohun tí wọ́n kà kò ní dúró. Àwọn onímọ̀ ti jiyàn púpọ̀ lórí orúkọ náà láti ìgbà yẹn, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì gbà mọ́ pé àìsàn ọ̀tọ̀ ni. Ohun tó ṣe pàtàkì níhìn-ín ni pé Prince rí ọwọ́ ẹbí nínú rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tí gbogbo ẹbí dáwó fún kò lè fìdí rẹmi ní òun nìkan. Bí kò bá yege, owó ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ ló ṣòfò, àbúrò tó yẹ kó gbọ́wọ́ lé e kò ní rí ẹni gbọ́wọ́ lé. Ìdáwó kan náà tó gbé ọmọ dé ilé ìwé ni kì í jẹ́ kó sùn lálẹ́. Àwọn tó ń yin ìṣọ̀kan agbo ilé láìdẹ́kun kì í sábà mẹ́nu ba èyí.

Ìtàn yìí sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ti àwọn ọmọkùnrin nìkan. Ìjọba ṣí Queen's College ní Èkó lọ́dún 1927, ọdún méjìdínlógún lẹ́yìn King's College. Bàbá Mùsùlùmí tó ti gbà pẹ̀lú ìṣòro pé kí ọmọkùnrin rẹ̀ kàwé kì í yára gbà fún ọmọbìnrin, bẹ́ẹ̀ owó tí àwọn obìnrin ọlọ́jà ń rí lórí àtẹ wà lára ohun tó gbé àwọn ọmọkùnrin wọ̀nyẹn dé ibi tí wọ́n dé.

Nígbà tí wọ́n wó ilé

Lọ́dún 1955, Lagos Executive Development Board gbé ètò kalẹ̀ láti wó apá kan ní àárín gbùngbùn Erékùṣù, nǹkan bí 70 éékà, kí wọ́n lè tún un kọ́. Àwọn ará ibẹ̀ ni wọ́n kó lọ sí Súrùlérè. Peter Marris, tó ṣe ìwádìí láàrin àwọn tí ọ̀rọ̀ náà kàn, tó sì tẹ ìwé rẹ̀ jáde lọ́dún 1961, fi hàn pé ohun tó wó ju ògiri lọ. Ẹbí tó ti ń gbé ìgbésẹ̀ díẹ̀ sí ara wọn wá di ẹni tí ọkọ̀ ń ya sọ́tọ̀. Oníṣòwò pàdánù oníbàárà. Ìyá àgbà kò rí ọmọ ọmọ rẹ̀ lójoojúmọ́ mọ́, owó ọkọ̀ kò sì jẹ́ kí wọ́n máa bẹ ara wọn wò bíi tàtẹ̀yìnwá.

Fún akẹ́kọ̀ọ́, ohun tí èyí túmọ̀ sí kò ṣòro láti rí. Oúnjẹ tó ń jẹ nílé ẹ̀gbọ́n bàbá nígbà tí kò sí nílé tirẹ̀, àgbà tó ń bi í léèrè ìwé bó bá ń kọjá lọ́nà mọ́sáláṣí, ọ̀rẹ́ tó ń bá a ka ìwé lábẹ́ iná ilé kejì, gbogbo rẹ̀ ló wà lórí pé ilé sún mọ́ ilé. Kò sí ẹni tó kọ nǹkan wọ̀nyí sílẹ̀ nínú ìwé ìṣirò ètò náà, nítorí pé kò sí ẹni tó ń sanwó wọn.

Nígbà tí Yunifásítì Èkó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1962, òdìkejì ọ̀sà ni wọ́n kọ́ ọ sí, kì í ṣe Erékùṣù. Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó tó bá wọlé síbẹ̀ ń fi agbo ilé sílẹ̀ lẹ́yìn, bí agbo ilé náà bá tilẹ̀ ṣì dúró. Ẹgbẹ́ tí kò so mọ́ agbo ilé kankan, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ dá sílẹ̀ ní 1954, ló ń bá pàdé lọ́hùn-ún. Adégbìtẹ́ fúnra rẹ̀, lẹ́yìn tó ti kẹ́kọ̀ọ́ òfin ní Southampton, wà lára àwọn tó kọ́ni ní òfin ní yunifásítì náà.